Ohùn Bàbá Àkàngbé Wà Nínú Fódà Kẹta

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí ènìyàn títí ojú á fi pọ́n, kó wo Jemilat láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ń wọlé kan bọ́ sí òmíràn ní Èbúté Mẹ́ta, tó ń gba ohùn àwọn àgbà òṣìṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ní Yaba. Ó wá dé ọ́fíìsì, Túbọ̀sún ọ̀gá ẹ̀ dìde lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "O ò ṣe nǹkan kan. Àwọn fódà ẹ ṣófo."

Ṣófo kẹ̀!

Lateefah, ọmọ Bàbá Àkàngbé, wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọ́n sin bàbá ẹ̀. Ohùn bàbá náà, tí Jemilat gbà sílẹ̀ nígbà ayé ẹ̀, ló wá gbà, kí ìyá ẹ̀ tí ò ríran mọ́ lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Túbọ̀sún ti ní kó máa lọ sílé, pé kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ wò?" Jemilat bèèrè.

"Kọ̀ǹpútà ló wò ó. Kò rí fáìlì kankan. Mo ti ní kó pa gbogbo fódà tó ṣófo rẹ́ tó bá di aago méjìlá."

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ gbọ́ ná, ṣé bí wọ́n ṣe ń wá ènìyàn ní Èbúté Mẹ́ta nìyẹn? Wàá kọ́kọ́ bèèrè àdúgbò, wàá bèèrè ilé, kó o tó bèèrè yàrá. Bí Jemilat ṣe to iṣẹ́ ẹ̀ sí ibi ìpamọ́ orí ìńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn: fódà àdúgbò, fódà ilé nínú ẹ̀, fódà ẹni tó ni ohùn nínú ìyẹn. Ó sì kọ ìlànà sínú ìwé kan fún ọ̀gá: Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà wọlé dé fódà tó kẹ́yìn, tó bá dúró ní àkọ́kọ́, kò ní rí nǹkan kan. Ìwé náà ló wà lórí tábìlì Túbọ̀sún yẹn, lábẹ́ ife tíì ẹ̀.

"Ẹ gbé ife yẹn kúrò níbẹ̀!"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n! Ìwé tí mo kọ fún yín lẹ̀ ń gbé ife lé! Ẹnu géètì lẹ dúró sí, ẹ ní kò sẹ́nì kankan nílé, ẹ wá fẹ́ wó ilé náà!"

Kò dúró gbèsì. Ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó dá ìparẹ́ náà dúró, ó ní kó ka gbogbo fódà dé ìsàlẹ̀. Fáìlì igba ó lé mẹ́rìnlá tò jáde. Ó tẹ ti Bàbá Àkàngbé.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ohùn àgbà kan ní, "Ọmọ yìí, ṣé ó ti ń gbà á? Ó da. Kí wọ́n má wá sọ lọ́la pé a ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Lateefah dìde, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀.

Túbọ̀sún wúkọ́. "Jemilat, ohun tí mò ń sọ ni pé—"

"Ẹ dákẹ́," Lateefah sọ fún un. "Bàbá mi ń sọ̀rọ̀."