Tòmátò Ìyàwó Ilé Wa

"Wọ́n ní bàbá wọn sọ pé… ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o… pé láti ìgbà tí ìyàwó yẹn ti dé ni àwọn ti ń…"

"Tí wọ́n ti ń kí ni?"

"Tí wọ́n ti ń rí oúnjẹ tó ń jẹ́ oúnjẹ jẹ. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ẹni tó ń sè é tẹ́lẹ̀ wá ńkọ́?"

Ìyá aránṣọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún aládùúgbò wa kan nídìí ẹ̀rọ omi. Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Èmi ni ẹni tó ń sè é tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, ọdún márùn-ún gbáko, èmi ni mò ń dáná fún bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti Màmá Àgbà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń bá wa gbé. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń ra gbogbo nǹkan: tòmátò inú agolo, ẹja tó dì bí òkúta, ẹ̀fọ́ inú ọ̀rá. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tó kú. Bẹ́ẹ̀ la wà títí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé ìyàwó wálé, tí ìyàwó wo ẹ̀yìnkùlé wa, tó ní, "Ẹyinfúnjowó," torí orúkọ tó fún mi nìyẹn, "ilẹ̀ yìí kàn ń sùn lásán ni o."

Ó kọ ebè mẹ́rin, ó gbin tòmátò, ata àti ẹ̀fọ́ sí i. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọbẹ̀ tó fúnra rẹ̀ sè dé. Aago ni bàbá mi ń tún ṣe, wọn kì í jẹ́ kí epo kan ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n fi ìka nu abọ́ mọ́ tónítóní. Mo rí ìka yẹn. Mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Èmi náà tọ́ ọ wò. Kí n má purọ́, ó dùn. Tòmátò tí wọ́n já láàárọ̀, tí wọ́n sè lọ́sàn-án, kò fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù. A ò sì rà á. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àléébù. Iyanrìn ń bẹ nínú ẹ̀fọ́. Kòkòrò ti jẹ ata. Bí tòmátò bá sì pọ́n, gbogbo rẹ̀ ló ń pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. A ó jẹ ẹ́ láàárọ̀, a ó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, títí a ó fi máa bẹ aládùúgbò kó wá gbà wá sílẹ̀. Tó bá wá tán, ó tán nìyẹn, agolo mi la ó tún sáré wá bá. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ sí Màmá Àgbà létí.

"Ọmọ yìí," ni wọ́n á wí, "tòmátò lò ń bá jà ni, àbí ẹni tó gbìn ín?"

Ara ìyá ìyàwó ò yá, ìyàwó sì fẹ́ lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ó ní, "Ẹyinfúnjowó mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Tòmátò ò mọ̀ pé mo rìnrìn-àjò."

Mo bomi rin ín lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá aránṣọ nídìí ẹ̀rọ omi. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, mo fi omi rẹ̀ fọ ilẹ̀ ilé ìdáná tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ewé ti sorí kodò. Mo ń wò ó lójú fèrèsé, ó sì ń tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ kẹfà ni ẹ̀rù bà mí, mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá lé e lórí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyàwó dé. Ó fọwọ́ kan igi tòmátò kan, ó kán sí i lọ́wọ́.

"Oòrùn yìí mà le o. Ṣé ẹ bomi rin ín, Ẹyinfúnjowó?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ṣé gan-an ni o."

Ọpẹ́ yẹn ni mi ò rí gbé mì. Mo wọ yàrá Màmá Àgbà lọ, mo jẹ́wọ́, mo bú sẹ́kún. Mo ní ọ̀rọ̀ tí Dádì sọ ló fà á, pé oúnjẹ tèmi kì í ṣe oúnjẹ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Mo jókòó ti bàbá rẹ nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyá aránṣọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wá gba ìwọ̀n ṣòkòtò rẹ̀. Gbọ́ bí bàbá rẹ ṣe wí gan-an, kó o tó dìde lọ jẹ́wọ́ fún ìyàwó. Ó ní: 'Láti ìgbà tí ìyàwó ti dé ni ọmọ mi obìnrin ti ń jókòó jẹun. Tẹ́lẹ̀, tó bá sè é fún wa tán, ìdúró ló máa ń jẹ tiẹ̀ nídìí sítóòfù. Mo máa ń rí i, mi ò kàn mọ ohun tí mo lè sọ.'"