Bàrẹ́ẹ̀tì Tó Kọ Ilé Ọkọ

Kò sí alùpùpù tó kú tí Crépin kò lè jí dìde. Gbogbo abúlé Idigny ló mọ̀ pé ó ti gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo sí ara alùpùpù kan rí. Alùpùpù náà ń sáré, ó ń lọ àgbàdo, adìẹ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí dé Kpankou. Bí ihò bá kéré, Crépin á fi fáìlì fẹ̀ ẹ́. Bó bá tóbi, á fi rọ́bà dí i. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, òòlù wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n yìí náà ló gbé lọ sí Àjàṣẹ́ nígbà tó fẹ́ ra ohun tí yóò fi to kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifísọ̀n.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ eré o. Lọ́dọọdún, Judicaël ní Adakplamè ni àwọn ọ̀dọ́ Idigny máa ń lọ bá fún ìdíje bọ́ọ̀lù náà, torí òun ló ní kọ̀ǹpútà. Judicaël á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọba: "Ẹ wọlé, ẹ̀yin ará oko. Ẹ rọra fọwọ́ kan nǹkan mi o, kì í ṣe ọkọ́." Ọ̀rọ̀ náà ń dun Crépin dé mùdùnmúdùn. Ló bá fọ́nnu lójú gbogbo ayé pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Idigny ni wọn yóò ti gbá a. Àlejò ti gbà, ìyá rẹ̀ ti ra iṣu tí wọn yóò fi gún iyán. Bí kọ̀ǹpútà kò bá tàn kí wọ́n tó dé, wọn yóò fi orúkọ Crépin kọrin títí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò fi hu irùngbọ̀n.

Prudence, àbúrò rẹ̀, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé eṣinṣin kò rí ibi bà lé lára wọn, ti kìlọ̀ fún un: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè lọ́wọ́ Mansour bóyá àwọn nǹkan yìí bára mu."

"Béèrè kẹ̀? Bó bá ti jẹ́ irin àti wáyà, ó ti mọ̀ mí."

Ní ṣọ́ọ̀bù Mansour ní Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù kọ̀ǹpútà, ó ń ṣa nǹkan bí ẹni ń ṣa ata: eléyìí kò wọ́n, tọ̀hún ń dán, fáànù yẹn ń tan iná pupa àti búlúù, gbé e wá!

Ọjọ́ Àìkú pé. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Crépin tú ẹrù sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jókòó sórí pátákó ńlá tí wọ́n ń pè ní ìyá káàdì, àfi bàrẹ́ẹ̀tì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Bàrẹ́ẹ̀tì ní òun kò wọlé. Àlàfo kékeré kan wà láàárín eyín rẹ̀, ègé kékeré tó yọ nínú ihò kò sì bọ́ sí ojú àlàfo náà. Crépin yí i padà. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u. Òógùn tó là lè bomi rin oko ẹ̀gẹ́ kan.

"Fáìlì mi dà?"

Ìyá Thérèse, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà. Alárinà ni ìyá yìí. Kò sí ìgbéyàwó tó ṣẹlẹ̀ ní Idigny tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní àkùkọ abúlé gan-an, òun ló bá a wá ìyàwó.

"Crépin, kí lo fẹ́ fi fáìlì ṣe?"

"Mo fẹ́ gé eyín rẹ̀ díẹ̀ ni, Màmá, kó lè wọlé."

"Ìyàwó kò bá ilé mu, o fẹ́ gé eyín ìyàwó? Kí lẹ pe pátákó ńlá yẹn lẹ́ẹ̀kan?"

"Ìyá káàdì," ni Prudence wí, ẹ̀rín sì ti ń pa á.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ìyá ọkọ jókòó sílé jẹ́ẹ́, ẹ lọ fa ọmọ ọlọ́mọ wọlé láìṣe ìwádìí. Ẹ ò béèrè ilé tó ti wá, ẹ ò béèrè èèwọ̀ ìdílé rẹ̀. Ẹ pe bàbá ìyàwó fún mi."

Wọ́n pe Mansour. Ìyá Thérèse kí i, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí ewúrẹ́ tó ṣeé ṣe kó ní. "Bàbá ìyàwó, ọmọ tí ẹ fún wa yìí, ìran wo ni?"

Mansour rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Màmá, kí wọ́n wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kí wọ́n wo tẹ̀gbẹ́ ihò."

Prudence wò ó. "Mẹ́ta ló wà lára bàrẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rin ló wà lára ìyá káàdì."

"Háà!" ni Mansour ké. "Ìran kẹta ni ọmọ, ìran kẹrin ni ìyá ń gbà. Wọn kò lè fẹ́ra láé. Bí ẹ bá gé e, ẹ pa ìyá, ẹ pa ọmọ."

Crépin rọra fi fáìlì pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran inú ọbẹ̀.

"Ìran kẹrin wà lọ́dọ̀ yín?" ni Ìyá Thérèse béèrè.

"Ó ti tán, Màmá. Ọ̀dọ́kùnrin kan lápá ọ̀dọ̀ yín ló ra èyí tó kù. Òun náà ní kí n má kọ́ òun. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fi igbe pè mí: ìyá káàdì tiẹ̀, ìran kẹta ló ń gbà! Ó ti yọ ti tẹ́lẹ̀, ó ti ṣẹ́ ẹ mọ́ ọwọ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú fin-ín-fin-ín. Judicaël lorúkọ rẹ̀, ará Adakplamè."

Ẹ̀rín tó bú jáde nílé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù òrùlé lọ. Àṣé ìdí nìyí tí Judicaël fi yára gbà láti wá sí Idigny, tí kò jiyàn rárá! Crépin ti ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ kó lọ fi í ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n Ìyá Thérèse fà á láṣọ.

"Jókòó. Alárinà kì í fi ẹni tí ìyàwó wà nílé rẹ̀ ṣẹ̀sín kí ọwọ́ tó tẹ ìyàwó."

Ó pe Judicaël fúnra rẹ̀. "Ọmọ mi, ó dà bí ẹni pé ọmọ kan wà lọ́dọ̀ rẹ tí ilé kò rọ̀ lọ́rùn. Tìrẹ wà lọ́dọ̀ wa. Gbé e bọ̀, ká pààrọ̀."

"Màmá... ta ló sọ fún yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Crépin gbọ́ o!"

"Crépin ló di fóònù mú fún mi."

Judicaël fò lórí alùpùpù, ó sáré débi pé òjìji rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó dúró de òun. Ó fi áńkáṣíìfù funfun wé bàrẹ́ẹ̀tì bí ọmọ tuntun. Kò tíì fẹ̀yìn tì tí Ìyá Thérèse fi pariwo: "Àwọn ọkọ ìyàwó, ẹ dọ̀bálẹ̀! Kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ dúró gba ọmọ."

Bí àwọn afọ́nnu méjèèjì ṣe da àyà délẹ̀ níwájú ara wọn nìyẹn, wọ́n ń forí gbárí, gbogbo àdúgbò ń pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà ṣàdúrà pé kí bàrẹ́ẹ̀tì má gbàgbé ohunkóhun nílé ọkọ. Lẹ́yìn náà Crépin mú ìran kẹrin, ó gbé e sójú ihò, kò tilẹ̀ tíì tẹ̀ ẹ́ dáadáa tó fi wọlé: kẹ́!

Ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí, iná pupa tàn, búlúù tẹ̀ lé e, pápá bọ́ọ̀lù sì yọ lójú tẹlifísọ̀n, ó tutù yọ̀yọ̀ bí oko lẹ́yìn òjò. Crépin gbé ìyá àgbà sókè, àga àti gbogbo rẹ̀. Ariwo tí Idigny pa lọ́jọ́ náà, àwọn ará Kpankou kó aṣọ tí wọ́n sá wọlé, wọ́n rò pé òjò ló ń bọ̀.

Judicaël kò tíì rí ibi tẹ́ ìdí sí tí Prudence fi sọ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n rẹ̀. Ó ní oòrùn ló wọ òun lójú. Inú yàrá ni wọ́n wà, fèrèsé sì wà ní títì.