Kàlẹ́ńdà Màmá Kòfó

Ẹ sún mọ́bí. Ìwọ tó ń tẹ fóònù lọ́hùn-ún, dojú ẹ̀ bolẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ yìí ò gùn, ẹ̀rín inú ẹ̀ ló pọ̀.

Màmá Kòfowórọlá gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lé orí káńtà báńkì kékeré kan n'Ílàró, ó ní fún akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀, "Adédọ̀tun, ọmọ mi, bá mi kà á."

Káàdì àwìn ló gbé e débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi káàdì yẹn rajà, báńkì á bá yín san án ná. Tí ìwé gbèsè bá wá jáde, ẹ ní ọjọ́ mọ́kànlélógún láti dá a padà láìfi kọ́bọ̀ lé e. Màmá san tiẹ̀ pé. Báńkì ní ó fi ọjọ́ kan pẹ́. Wọ́n bu ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé e, wọ́n tún ti káàdì pa. Bẹ́ẹ̀ ìjì ti ká páànù ilé ẹ̀ lọ, ẹni tó ń ta páànù ti di ẹrù sọ́kọ̀ dè é, òjò sì ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìpókíá. Kò sí káàdì, kò sí páànù nìyẹn.

Roheemat aránṣọ, ayálégbé Màmá, wà lórí ìlà lẹ́yìn ẹ̀. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kíra. Lánàá ni Màmá gba ẹgbẹ̀rún méjì owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹ̀, pé owó ilé ẹ̀ fi ọjọ́ kan pẹ́.

"Màmá, kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀," Adédọ̀tun ní.

"Ta ló sọ fún kọ̀ǹpútà?"

Ó họ orí. Òun fúnra ẹ̀ ló ń tẹ ọjọ́ síbẹ̀. Ló bá fi ìka tọ kàlẹ́ńdà. "Ìwé jáde lọ́jọ́ kẹta oṣù: ení. Ọjọ́ kẹrin: èjì." Ó kà á lọ rẹrẹẹrẹ títí ìka ẹ̀ fi balẹ̀ sórí ọjọ́ kẹtàlélógún. "Mọ́kànlélógún rèé, mà. Ẹ̀yin wá san án lọ́jọ́ kẹrìnlélógún."

Ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ilé ìwé míṣàn ní ìṣirò kì í pariwo. Màmá kàn yọ bírò.

"Níbo ni wọ́n bí ìyá ẹ?"

"Ayétòrò, mà."

"Kí ló ń tà?"

"Gàrí, mà."

"Mo mọ̀. Kíkà ọlọ́jà lo kà yẹn. Ìyá ẹ ná ọjà lónìí, ó ka òní mọ́ ọn, ó ní ọjọ́ karùn-ún lòun ń padà lọ. Ó dáa fún gàrí. Wá wo ìwé tí báńkì tìẹ fún mi."

Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin èèrà, ó fa ìlà sí i nídìí: ọjọ́ tí ìwé gbèsè bá jáde kò sí nínú kíkà, owó tó bá wọlé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, kò pẹ́. Ó wá tẹ́ rìsíìtì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlélógún, aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.

"Ó yá, tún un kà. Láti ọjọ́ kẹrin."

Adédọ̀tun kà á. Gbogbo ìlà bá a kà á, bí ọmọ kíláàsì kejì. Ìka ẹ̀ dúró sórí ọjọ́ kẹrìnlélógún, kò sì rí ibòmíì lọ.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé, jáde wá, òun náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Màmá, ẹ má bínú." Ó wọ́gi lé ìtanràn, ó ṣí káàdì.

"Èèyàn mélòó lo ti kà báyìí fún?" Màmá bi Adédọ̀tun.

Àwọn èrò ti ń tú báàgì, wọ́n ń wá ìwé tiwọn.

Màmá yípo bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ, ọkàn ẹ̀ ti wà lórí páànù. Ó ń sọ ọ́ nínú ara ẹ̀ pé ọjọ́ téèyàn bá fún ẹnìkejì, ó yẹ kó jẹ́ kó pé.

Roheemat rọra fi ọwọ́ lé kàlẹ́ńdà: "Màmá, Mọ́ńdé lẹ fún mi lọ́jọ́ méje, Mọ́ńdé kejì ni mo san án, ẹ bá mi kà á."