Lábẹ́ Tírélà

Kò wọlé. Atẹ́gùn ò wọlé… Ó wọlé díẹ̀. Rárá, èyí tó wọlé yẹn ò tó nǹkan, imú ló gbà á, kò dé àyà, àyà ti dí, Tírélà ti dí i pa. Ó gbé gbogbo ara lé mi bí ẹni tó fẹ́ sùn síbẹ̀ — ọwọ́ òsì mi ti gòkè. Mo rí i lókè níbẹ̀, ó ń wá ẹ̀yìn Tírélà tó máa gbá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Pá, pá. Á dìde kíá. Á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí." Á fà mí dìde, ó tán.

Dúró ná.

Ọwọ́, mo ní kó o dúró ná.

Àwọn tí a jọ ń kọ́ ìjàkadì níhìn-ín ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Àǹtí Pá-pá. Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ lójú mi rí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń wọ bàtà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ṣé Àǹtí Pá-pá ti lọ ni?" Kò sí ìkà nínú ohùn ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ràn mi níhìn-ín, mo mọ̀. Bóyá ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn, pé kò sí ìkà níbẹ̀, òótọ́ lásán ni. Ẹni yòówù kó gbé àyà lé mi láyà, kó tó fara balẹ̀, mo ti gbá a lẹ́yìn. Wọn ò tíì fún mi lọ́rùn, wọn ò tíì ká mi lápá kò, mo ti ní ó tó. Ìwúwo. Ìwúwo lásán ló ń ṣẹ́gun mi.

Èjìká rẹ̀ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Òrùlé ni mò ń wò. Òrùlé, àti etí rẹ̀ kan.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹni tí wọ́n sọ ní Tírélà yìí. Wẹ́dà ni, iná irin ti ta sí i lọ́wọ́ títí dé igunpá, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń pẹ̀tù sí ọmọ tó ń sunkún. Àbúrò mi pátápátá ni lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n tó bá jókòó sórí ẹní rọ́bà yìí, ẹní á tẹ̀ sísàlẹ̀, àwa tó kù á máa yọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kóòṣì ló pín wa. Ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin àti Tírélà." Mo fẹ́ sọ pé eékún ń dùn mí. Mo la ẹnu… ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ó dáa.

Ta ló rán mi?

Mí. Díẹ̀díẹ̀. Má gbé e lọ́pọ̀.

Ibí yìí kọ́ ni mo wà, ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Tí àyà mi bá ti dí báyìí, mo ti padà síbẹ̀ nìyẹn — ilé ìkẹ́rùsí, ọ̀nà tóóró láàárín pẹpẹ irin, páálí táìlì títí dé òkè. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹrù níbẹ̀, èmi náà ni títí di òní. Ọkọ̀ agbẹ́rù tó ń to páálí fi ẹ̀yìn gbá ẹsẹ̀ pẹpẹ, díẹ̀ báyìí, bí ẹni fèjìká kan ènìyàn lójú títì. Pẹpẹ yẹn ò tètè ṣubú. Ó rò ó ná. Lẹ́yìn náà ó wá… Táìlì ń fọ́ yí mi ká, ọ̀kan ò bà mí lórí, irin nìkan ló wá sùn sí mi láyà, ó sì dúró. Kò pa mí. Kò jẹ́ kí n mí. Mò ń gbọ́ wọn lókè, awakọ̀ ń sunkún, ẹnìkan ń pariwo pé kí wọ́n má tíì fọwọ́ kàn án, gbogbo rẹ̀ lè ya lulẹ̀. Mò ń sọ pé mo wà níbí. Mo wà níbí. Kò sí ohùn.

Egungun ìhà ti jinná. Dókítà gbé fọ́tò rẹ̀ sójú iná, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́." Mo wò ó. Lóòótọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo délé, mi ò lè da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora.

Bàbá àwọn ọmọ kàn kọ́ bó ṣe máa lẹ̀ mọ́ ògiri sùn. Àbíkẹ́yìn mi ló sọ ọ́. Orí àyà mi ló ti máa ń sùn lọ́sàn-án láti ọmọ ọwọ́, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, lánàá, lónìí, lọ́la… Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́ra, ó bi mí: "Màmá, ṣé mo ti wúwo jù ni?"

Mo ní kó lọ mu omi.

Tírélà ń sún. Fojú sí i, fojú sí i. Apá rẹ̀ ń wá ọ̀nà abẹ́ orí mi, eékún rẹ̀ ń fẹ́ gun ikùn. Tó bá gùn mí lókè báyìí, mo gbé — ọwọ́ òsì tún ti ń lọ. Ó ń lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Rárá. Ọrùn. Ọrùn rẹ̀ ni kó o lọ, dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí igi ìdábùú. Báyìí. Ó wọlé. Ó wọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó sì dúró.

Ó dúró o.

Igunpá ọ̀tún ńkọ́? Ó ti jìnnà sí ìhà mi, ó ń ṣeré níta. Kóòṣì ní kí igunpá máa wà nílé. Ó ti sọ ọ́ títí ó fi sú òun náà. Ó ní kí n má fẹ̀yìn lélẹ̀ gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọ̀n fún aṣọ, kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí n ṣe bí edé. Edé! Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibí, gbogbo wa ló ń ṣe edé láti ògiri dé ògiri, à ń fi ìdí wọ́lẹ̀ sẹ́yìn, mo sì ń bi ara mi pé kí ni mo wá ṣe láàárín àwọn wọ̀nyí.

Aṣọ ni mo gbé wá fọ̀. Ilé ìfọṣọ ló wà nísàlẹ̀, òórùn ọṣẹ ń gòkè wá báyìí gan-an, ẹ̀rọ wọn ń kùn lábẹ́ etí mi. Mò ń dúró de aṣọ, mò ń gbọ́ gbì, gbì, lókè. Ẹni tó ń lọ aṣọ ní kí n má ṣèyọnu, ó ní àwọn oníjàkadì ni, irú ti àwọn ará Bùràsílì, jujítsù, àwọn tí kì í wọ aṣọ gígùn tó ní bẹ́líìtì, singílẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ra àti ṣòkòtò péńpé ni. Mo gòkè lọ wò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan wà nílẹ̀, ọkùnrin kan sùn lé e láyà gbalaja… ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Ènìyàn wà lábẹ́ ẹrù, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé aṣọ mi síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Màámi ò tíì gbà. Lórí fóònù, gbogbo ìgbà ni: "Ṣé o ṣì ń yí nílẹ̀ níbẹ̀? Ìwọ abiyamọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní ta ló ń wà lórí mi? Mo ní ẹni tó bá kàn ni, mà. Wọ́n gé fóònù.

Igunpá. Mú igunpá wá sílé. Kò sáyè, ikùn rẹ̀ dí ọ̀nà… Kí nìyẹn?

Ó gbéra. Díẹ̀ báyìí. Ó gbéra, ó tún padà.

Ó tún gbéra.

Ó ń mí ni.

Tírélà ń mí. Òun náà ń mí, àyà rẹ̀ ń kún, ó ń fà, àyè kékeré kan sì ń ṣí láàárín wa, tí ìwé kan péré lè gbà kọjá, ó tún pa dé. Irin ò mí. Ọjọ́ yẹn, mo dúró kí irin yẹn mí, mo dúró títí, kò mí, ó kàn wà níbẹ̀. Èyí ń mí. Mò ń gbọ́ ọkàn rẹ̀ tó ń sáré, gìdì gìdì gìdì, lórí tèmi níbí. Ènìyàn ló wà lórí mi. Ènìyàn! Wẹ́dà tó ń làágùn. Ènìyàn kì í dúró lójú kan, kò sí bó ṣe lè wúwo tó, á yún un, á rẹ̀ ẹ́, á fẹ́ tún ẹsẹ̀ tò…

Dúró dè é. Ó gbéra — igunpá! Ó wọlé. Ìdajì rẹ̀ wọlé. Òógùn ló jẹ́ kó yọ̀ wọlé, Ọlọ́run bá mi bù kún òógùn, aṣọ gígùn ò sí lára wa tí yóò há. Ó padà wálẹ̀, igunpá mi ló bá níbẹ̀. Ó dùn ún. Ó fẹ́ tún ẹsẹ̀ tò.

Nísinsìnyí. Ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, gbé ìdí, gbé e! Ó fò díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ilẹ̀. Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Edé. Ìdí sẹ́yìn, sẹ́yìn sí i… eékún, wọlé, eékún, ọmọ dáadáa, wọlé…

Ó wọlé.

Eékún mi wà láàárín èmi àti ẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì ti ká a lẹ́yìn. Mo wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ló yí i ká, ibi tí mo bá ní kó dúró ló dúró. Mo rí gbogbo ojú rẹ̀ báyìí. Ó pọ́n kankan. Ó mi orí sí mi bí ẹni pé, ẹ̀yin kẹ̀? Èmi ni.

Èmi ni o.

Ta ló rí i? Mo yí ojú sí Kóòṣì. Kóòṣì kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń tún eékún ẹlòmíì ṣe ní kọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn wà lórí ọrùn ẹnìkan. Kò sẹ́ni tó rí i. Kò sí, kò sì kàn mí. Tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ nísinsìnyí, wọ́n á dà mí láàmú ni. Jẹ́ kí n jókòó tì í fúnra mi díẹ̀… àyà mi ń gbà á wọlé, ó ń tú u jáde, gbogbo ilé ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi —

Áà. Ó ti yọ ẹsẹ̀.

Òógùn náà ló ṣe é, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi yọ̀ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó gba apá kejì yí mi po, mi ò tíì yí ojú tán, gbì. Ó ti padà. Apá òsì ló ti wá lọ́tẹ̀ yìí. Èjìká náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, òrùlé náà, etí kejì. Gbogbo ara rẹ̀ lé mi láyà, ó tilẹ̀ wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àyà mi dí.

Ó dí…

Mò ń retí rẹ̀. Ó yẹ kó ti dé. Ilé ìkẹ́rùsí, awakọ̀, ohùn tí kò jáde. Mò ń tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò dára. Nǹkan kan wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ọkàn mi ń sáré. Ẹ̀mí mi kúrú. Ṣùgbọ́n… dúró. Ẹ̀rù máa ń tutù. Ọ̀nà ọ̀fun ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á tutù wálẹ̀ dé inú. Èyí gbóná. Inú apá ló wà, inú itan, ó gbóná bí ìgbà tí mo bá fi gbogbo àárọ̀ tún páálí tò.

Ó rẹ̀ mí ni.

Ó kàn rẹ̀ mí ni. Kò bà mí lẹ́rù. Láti ọjọ́ yìí wá, inú àpò kan náà ni mo ti ń kó wọn sí, tí ọkàn bá ti sáré, tí ẹ̀mí bá ti kúrú, mo ní ẹ̀rù ni, mo gbá ènìyàn lẹ́yìn, mo sá. Mi ò tíì dúró rí kí n wo èyí tó jẹ́. Mo wà lábẹ́ Tírélà, gbogbo Tírélà, kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ fún mi. Mo wà níbí. Ó sì rẹ̀ mí.

Ó ti rí i pé mo dákẹ́ jù. Ara rẹ̀ ń fúyẹ́ lórí mi, ó ti fi ọwọ́ tilẹ̀, ó fẹ́ dìde fún mi.

"Àǹtí, ṣé kò sí wàhálà o?"

Mo wá ohùn mi. Ó wà níbẹ̀, ó jáde ketekete.

"Má dìde. Èmi ni mò ń bọ̀ lókè."