Bísíkítì Di Dàdá

Eyín òòyà tún kán. Nùsírátù gbé òòyà náà sókè, ó wò ó, ó sọ ọ́ sínú garawa, ó mú òmíràn. Ó há ajá mọ́ àárín orúnkún rẹ̀ bí ó ṣe máa ń há àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Bàbá, irun yìí ò gba òòyà mọ́."

"Tún fà á."

"Mo ti fà á. Ẹ jẹ́ ká fi rẹ́lásà sí i."

"Ajá ni."

"Irun ni, Bàbá. Rẹ́lásà ò mọ ajá."

Nùsírátù ló ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó kángun sí ilé wa ní Addo. Mo lọ pè é nígbà tí ọwọ́ mi ò ká ajá náà mọ́. Ajá náà ò ju ọmọ ewúrẹ́ lọ. Oyinkọ́lá ọmọ mi ló ni ín, Bísíkítì ló sọ ọ́. Ajá òyìnbó onírun gígùn ni ìyá rẹ̀. Ajá àdúgbò wa ni bàbá rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, gbogbo ilé ló sì ti lé e rí.

Nígbà tí iṣẹ́ gbé Oyinkọ́lá lọ sí Àbújá, ó fi ajá sílẹ̀ fún mi, ó fi òòyà tì í. Ó ní kí n máa ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo fún ajá lóúnjẹ, mo fún un lómi. Òòyà wà lórí àjà.

Iṣẹ́ Àbújá ti parí, ọ̀la ló ń bọ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé ní Ìkátẹ̀, kò ní àgbàlá. Ó ti sọ ọ́ lórí fóònù: "Bàbá mi, tí mo bá bá a dáadáa, ọ̀dọ̀ yín ló máa wà. Tí mi ò bá bá a dáadáa, obìnrin kan wà ní Lẹ́kí tó ń tọ́jú ajá, màá gbé e fún un." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ fún un pé ajá náà máa ń sùn lé ẹsẹ̀ mi, àti pé ẹsẹ̀ náà kì í tutù mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wẹ̀ ẹ́ lánàá. Mo rò pé ọṣẹ á tú irun tó ti lọ́ pọ̀. Nígbà tó gbẹ, ó le bí okùn ìdákọ̀ró. Àwọ̀n ni mo ń tún ṣe láti kékeré. Mo mọ̀ pé bí àwọ̀n bá lọ́, a kì í rẹ ẹ́ sómi kí a tó tú u. Mi ò mọ̀ pé ajá náà ń ṣe bí àwọ̀n.

Àṣàbí ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná. Ó wo ajá láti etí dé ìrù. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Nùsírátù, gbé òòyà yẹn sílẹ̀. Dàdá ni."

"Màmá, ajá ni."

"Dàdá ajá. Ta ló ta irun yẹn kókó fún un?"

"Kò sẹ́ni tó ta á."

"Ohun tí mo wí nìyẹn."

Nùsírátù gbé òòyà sílẹ̀ kíá. Kò sí onídìrí tó ń fọwọ́ lásán kan orí Dàdá. Wọ́n ní àìsàn á ṣe ọmọ náà.

"Irun rẹ̀ nà nígbà tó dé," ni mo wí.

"Ó pẹ́ kó tó hàn ni," ni Àṣàbí wí.

Ajá sín. Àwọn obìnrin méjèèjì wò mí.

"Ẹ rí i? Ibà ti ń dé," ni Àṣàbí wí.

Mo fọwọ́ kan imú ajá. Ó tutù. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí à ń ṣe fún Dàdá kí a tó fọwọ́ kan irun rẹ̀ ò ṣòro. A ó se ẹ̀wà, a ó din àkàrà, a ó gé ìrèké, àwọn ọmọ àdúgbò á wá jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n tètè gbé ìkòkò kaná.

"Kí lẹ ń kánjú sí, Bàbá Oyinkọ́lá?"

"Ebi ń pa mí."

Àṣàbí da epo pupa sí ẹ̀wà náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́. Ó bù ú sínú báàfù ńlá, ó fi sílẹ̀ kó tutù. Ó so owó ẹyọ kan mọ́ irun ẹ̀yìn etí òsì ajá. Àwọn ọmọdé kún àgbàlá. Ọ̀kan béèrè bóyá kí òun kúnlẹ̀ kí ajá. Àṣàbí rò ó. Ó ní kó kàn tẹrí ba.

"Dàdá ò lè jà, ó ní àbúrò tó gbójú," ni Nùsírátù wí. "Àbúrò tiyín dà, Bàbá?"

"Bàbá rẹ̀ ti bí wọn sí gbogbo ojúlé."

Àsìkò yẹn ni àgbébọ̀ adìyẹ wa gba iwájú Bísíkítì kọjá. Ẹ̀rù adìyẹ máa ń bà á. Ó fò sẹ́yìn, ó bọ́ sínú báàfù ẹ̀wà. Kò jáde. Ó jẹ ẹ̀wà, ó sì yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ń jẹun lọ.

Mo gbé e jáde. Ó pọ́n láti imú dé ìrù. Mo jókòó lórí àpótí, mo gbé e lé itan, mo ń ṣa ẹ̀wà kúrò lára rẹ̀. Kókó irun kan yọ̀ láàárín ìka mi. Ó tú. Epo ti wọ̀ ọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí, bí a ṣe ń tú àwọ̀n. Mo fi ọwọ́ kan di ìdí irun mú kó má baà dun ajá, mo ń fi èkejì tú u. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé irun méjì ló ní. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kúrú, ó ki: ti bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ti òkè gùn, ó sì rọ̀: ti ìyá rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ń re, ti òkè ò jẹ́ kó jábọ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yà á, wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn. Oyinkọ́lá ò ṣeré.

Nùsírátù mú òòyà tuntun wá, ó ń yà á tẹ̀lé mi. Nígbà tí ọwọ́ wa kan ẹ̀yìn etí òsì, Àṣàbí ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún Dàdá. A fi í sílẹ̀.

Lówùúrọ̀ mo fi ọṣẹ fọ epo náà. Irun nà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti àkàrà.

Oyinkọ́lá sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì gbé ajá. Ó fi ìka la irun rẹ̀ títí dé awọ, níhìn-ín, lọ́hùn-ún. Mo ń wo géètì.

"Bàbá mi, kí ló dé tó pọ́n?"

"Epo ni."

"Epo pupa?"

"Pẹ̀lú ẹ̀wà."

Ó gbé etí òsì sókè, ó rí owó ẹyọ. "Èyí ńkọ́?"

"Bi ìyá ẹ."

Àṣàbí ṣàlàyé. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Ẹ̀wà yẹn ńkọ́, Màámi? Ẹ dà á nù?"

"Kí ni wọ́n ń pè ní dídà nù? Wọ́n jẹ ẹ́ tán."

"Lẹ́yìn tí ajá ti wọ inú ẹ̀?"

"Òun kọ́ ló ni ín ni?"

Oyinkọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú òòyà lórí àjà, ó nà án sí mi.

"Lójoojúmọ́, Bàbá mi."

"Mo ti gbọ́."

Báàgì rẹ̀ nìkan ló gbé padà sí Ìkátẹ̀. Kókó irun kan ṣoṣo ló kù lára Bísíkítì, lẹ́yìn etí òsì, owó ẹyọ wà nínú rẹ̀.