Fi Inú Fẹ́ Ẹ

Ọmọ mi obìnrin ń lọ ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo ló béèrè: kí n fọn orin tí mo máa ń fi súfèé kọ fún un nígbà tó wà ní kékeré, láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ. Èmi aláṣejù, mo ní fèrè kílárínẹ́ẹ̀tì ni màá fi fọn ọ́n. Ẹnu mi ló kó bá mi. Ohùn ìsàlẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu, àmọ́ níbi tí orin náà ti gòkè, tó yẹ kí ohùn dúró gbọn-in, ṣe ni fèrè mi ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.

Tíṣà tó ń kọ́ mi, ọmọbìnrin tí mo lè bí, gbọ́ ọ, ó mi orí.

“Bàbá, ẹ ò fi inú fẹ́ ẹ. Inú ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ, sà.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ṣé èmi ni mi ò fẹ́ fèrè mi dénú? Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Mo fi àgékù sátínì oníbàárà tí mò ń ránṣọ fún nù ún, mo tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí, mo ń pè é ní olólùfẹ́. Bí mo bá ti gbé e sẹ́nu, igbe náà ló ń ké.

Ìyàwó mi wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi tó wà níwájú ilé bá mi níbi tí mo ti ń sọ pé, “Tinútinú ni mo fi fẹ́ ẹ, jọ̀ọ́, má dójú tì mí.”

“Ta lẹ fẹ́?”

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

“Olówó orí mi, ṣé bí èèyàn ṣe ń fẹ́ ìyàwó ni tíṣà wí, àbí bó ṣe ń fẹ́ná?” Ó gbé ọwọ́ lé mi níkùn. “Inú tó wí nìyí. Ẹ sì ń fà á wọlé.”

Òótọ́ ni. Èmi télọ̀ tí mò ń wọn ikùn oníkùn, ó pẹ́ tí mo ti ń fa tèmi mọ́ ẹ̀yìn kí ṣòkòtò lè bá mi mu. Mo fi í sílẹ̀, ó yọ síta ràbàtà. Mo mí kanlẹ̀, mo jẹ́ kí ikùn náà máa ti èémí jáde díẹ̀díẹ̀ sínú fèrè. Ohùn òkè jáde, kò gbọ̀n. Bọ́tìnnì kan já.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò náà, ọmọ mi jókòó ní pálọ̀, dírẹ́bà tó máa gbé e lọ ń dúró dè é níta. Mo fọn orin náà dé òkè pátápátá. Ohùn náà mọ́ gaara, ọmọ mi sì ń sunkún. Ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀, mi ò sọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ó máa dìde. Mo fọn ọ́n títí àyà fi ń ta mí, títí èémí fi tán nínú mi.

Ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀.