Kẹ̀kẹ́ Olóróró

Irọ́ ni Adùnọlá pa, kò sí bá a ṣe fẹ́ sọ ọ́. Rosaline, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, bi í bóyá ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Bẹ́ẹ̀, kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé ẹ̀. Láti Mọ́ńdè, kẹ̀kẹ́ ni yóò máa gùn láti ilé arúgbó kan sí òmíràn ní òpópónà Yarnton Way, nílùú òyìnbó tí wọ́n ń gbé. Tí kò bá lè gùn ún, wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.

Nígbà tó di Sátidé, òun àti Ìyèbíyè, ọmọ rẹ̀ ọdún márùn-ún, ti kẹ̀kẹ́ méjì jáde nílé wọn ní Thamesmead Moorings, wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀bá odò. Òtútù ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Òdòdó yẹ́lò ti yọrí nínú koríko, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì ń pariwo bí onílé tó ń lé ayálégbé. Ọjọ́ yẹn ni Ìyèbíyè náà fẹ́ gun tirẹ̀ láìsí táyà kéékèèké tó máa ń gbè é lẹ́yìn.

Aládùúrà pọ́ńbélé ni Adùnọlá. Ó gbàdúrà, ó yọ ìgò òróró, ó ta á sí kẹ̀kẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò yọ ibi ìdìmú sílẹ̀. Bó ṣe gùn ún báyìí, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ bọ̀rọ́, ó ṣubú gbì. Ó dìde, ó tún ṣubú. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Mọ́ńdè ń já a láyà gan-an.

Ìyèbíyè ti gun tirẹ̀ lọ, ó ti gùn ún bọ̀. Ó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀.

"Mummy, o ti pour oil sí handle. It's slippery."

"Òróró àdúrà ni."

"God ti gbọ́. Jẹ́ kí n clean ẹ̀."

Ó fi etí kóòtù rẹ̀ nù ún mọ́ tónítóní. "Má wo táyà o. Wo front. Fi ẹsẹ̀ push ilẹ̀ first, then gbé e sókè."

Adùnọlá gbọ́ràn bí ọmọ iléèwé. Ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó gbé e sókè. Kẹ̀kẹ́ gbọ̀n, kò ṣubú. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń yà fún un, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, àwọn méjèèjì gun kẹ̀kẹ́ dé etí Yarnton Way, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀.

"Mummy, ebi ń pa mí. Let's go home."

"Tíṣà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí," ni Adùnọlá wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ lẹ́ẹ̀kan sí i."